Ẹlẹ́dẹ̀ Naibuka àti Omi Ẹnu Odò Wa

Abúlé Vunitarawau,
Ẹnu Odò Wainikura,
Viti Levu, Fíjì.
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje.

Ẹ̀gbọ́n mi Vasemaca, ẹni ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí èmi tí n kò kọ ìwé sí yín láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ sí Auckland ṣàdédé gbé bírò lónìí, bí ẹni pé àná la pínyà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo sì fà á ya. Mo ní, ta ni mí tí n ó fi máa fi ọ̀rọ̀ abúlé dí ẹni tó ń tọ́jú arúgbó lọ́wọ́? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kún inú mi dé ọ̀fun, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún. Ẹ sì mọ fóònù ìlú wa: orí òkè ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ti ń wọlé, bí ẹnì kan bá sì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ènìyàn mẹ́fà ní ń bá a gbọ́ ọ.

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́, ṣé kò mú yín jù? Ṣé Waisea ọkọ yín ti bọ́ nínú ikọ́ tó ń wú? Ọmọ yín ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Bubu, ìyá àgbà wa, ní kí n bi yín bóyá ẹ ń fi epo àgbọn pa á lára, pé bí ẹ kò bá pa á, awọ rẹ̀ yóò dà bí ti àwọn ará ibẹ̀. Ara Bubu le. Orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń dùn wọ́n, ẹnu wọn kò dùn wọ́n rárá. Bàbá àti Ìyá náà wà dáadáa.

Ẹ ó ti gbọ́ pé Ratu Emori, olóyè wa, wàjà nínú oṣù Kẹrin. Láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n ni wọ́n ti ri òpó mọ́ ẹnu odò, tí wọ́n so ewé àgbọn mọ́ ọn, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa kai, ẹran inú ìkarahun wa yẹn, níbẹ̀ títí ọgọ́rùn-ún òru yóò fi pé. Abúlé mẹ́fà ni yóò wá jẹ àsè ọjọ́ náà, kai tí a fi wàrà àgbọn sè ni gbogbo wọn sì ń lá àlá rẹ̀. Naibuka ẹ̀gbọ́n mi ló gba ẹlẹ́dẹ̀ sísìn fún àsè náà, mọ́kànlélógún. Nígbà tí Bubu pariwo pé òórùn wọn kò jẹ́ kí òun gbàdúrà, ó kó gbogbo wọn lọ sí etí odò lápá òkè, nídìí igi ivi ńlá nì, kí omi lè máa bá a gbá ìgbẹ́ wọn lọ. Òun rò pé ọgbọ́n ni òun ta.

N kò mọ̀kan nínú èyí nígbà tí mo dé fún ọlidé. N kò ní purọ́ fún yín, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù yunifásítì ń bà mí. Àwọn tó jókòó tì mí a ti mọ ohun tí olùkọ́ fẹ́ sọ kó tó la ẹnu. Lórí iṣẹ́ àyẹ̀wò mi àkọ́kọ́, gbólóhùn kan péré ni Ìyáàfin Raijieli olùkọ́ wa kọ sí i: “Ṣé ó dá ọ lójú?” Kò dá mi lójú. Kò sí ohun tó dá mi lójú nígbà náà àfi orúkọ mi.

Ìyáàfin yìí ló fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní páálí ìgò kéékèèké, kí a fi wo omi ìlú wa. Bébà pẹlẹbẹ kan tí a ti rẹ sínú oògùn wà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. A ó bu omi sí i, a ó gbé e sí ibi tó móoru fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ìgbẹ́ ènìyàn tàbí ti ẹran bá wà nínú omi náà, yóò dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí kò bá sí, yóò wà bó ṣe wà.

Mo kọ́kọ́ gbé gbòǹgbò yaqona lọ bá Bàbá Osea, olórí apẹja, láti tọrọ àyè. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ìgò, wọ́n ní, “Kai la ṣòfin lé lórí, a kò ṣòfin lé omi. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ rẹ bá fi kan ilẹ̀ níbẹ̀, ìwọ la ó fi wàrà àgbọn sè.” Orí afárá ni mo dúró sí, mo so ìgò mọ́ ọ̀pá ọparun, mo sì fi bu omi. Mo to àwọn ìgò náà sí òkè ààrò Bubu. Bubu ní ṣé ẹ̀kọ́ tí mo lọ kọ́ ní Suva nìyẹn, kí n máa se omi odò lọ́bẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, gbogbo wọn ti dúdú.

Mo ní ọwọ́ mi ló dọ̀tí. Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí ó fi ń ta mí, mo tún un ṣe, mo sì bu omi sísè sínú ìgò kan kí n lè mọ̀ bóyá ìgò ló bàjẹ́. Omi sísè mọ́ kedere. Omi ẹnu odò tún dúdú. Ni mo bá ń rìn lọ sókè odò, mo ń bu omi díẹ̀díẹ̀ ní ibi mẹ́jọ. Lápá òkè igi ivi, ó mọ́. Nísàlẹ̀ igi ivi, dúdú. Mo jókòó sílẹ̀ ní ilé ìdáná, mo ń wo ìgò méjì yẹn, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ màlúù ẹnìkan ni. Ẹ mọ̀ pé ohun tó bá wà nínú omi ni kai máa ń kó sínú. Bí àwọn àlejò bá jẹ kai yẹn, ìgbẹ́ gbuuru ni wọn yóò gbé relé láti ibi òkú Ratu.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́? Ẹ̀yin náà mọ èèwọ̀ tó wà láàárín ọkùnrin àti àbúrò rẹ̀ obìnrin nílẹ̀ wa. Láti ìgbà tí mo ti di wúńdíá, Naibuka kò bá mi sọ̀rọ̀ rí, èmi náà kò sì gbọdọ̀ la ẹnu sí i. Bó bá gba iwájú wọlé, ẹ̀yìn ni mo ń gbà jáde. Bí mo bá sọ fún Bàbá, wọn yóò dójú tì í ní gbangba. Bí mo bá sọ fún Bàbá Osea, wọn yóò sún àsè síwájú, ilé wa ni wọn yóò sì máa nawọ́ sí títí ayé. Bí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Bí mo bá sì ti ṣìṣe ńkọ́? Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Ìyá rò pé mo lóyún.

Sala ni orí mi gbà mí lọ bá, Sala ọmọ Àǹtí Vika. Bí ó ti jẹ́ ọmọ àbúrò bàbá wa obìnrin, èèwọ̀ tiwa kò kàn án. “Ọkọ mi” ni ó ń fi Naibuka ṣeré pè, èébú ni àwọn méjèèjì sì fi ń kí ara wọn láàárọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gba ìgò méjèèjì, ó ní kí n lọ fara pa mọ́.

Ẹ̀yìn ògiri ilé ìdáná Bubu ni mo wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tí mo ń yọjú. Naibuka àti àwọn ọkùnrin ń mu yaqona lábẹ́ igi máńgòrò.

“Ọkọ mi o!” Sala ti ń pariwo láti òkèèrè. “Ọkọ mi tí kò rí ìyàwó fẹ́!”

“Kí ló dé, obìnrin tó ń se omi tí omi ń jóná?” Naibuka kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

“Mo gbé ohun mímu wá fún ọ. Àwọn ọmọ rẹ tó wà nídìí igi ivi ló pọn ọ́n.”

Àwọn ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. Ni Sala bá ṣí ìgò dúdú sí wọn nímú. Ẹ̀gbọ́n mi, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́! Ẹnì kan da yaqona rẹ̀ sí ara. Kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín tán, Sala ti kúnlẹ̀, ó gbé ìgò méjèèjì síwájú Naibuka, ojú rẹ̀ kò sì ṣeré mọ́.

“Omi òkè igi ivi nìyí. Omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ń ṣàn lọ sí ẹnu odò nìyí. Inú èyí tó dúdú yìí ni kai tí a fẹ́ fún àlejò Ratu ń gbé. Wò ó dáadáa, ọkọ mi.”

Ó wò ó. Ó béèrè ẹni tó ṣe é.

“Èmi ni,” ni Sala wí.

“Ìwọ tí o sá kúrò nílé ìwé nítorí ìsodipúpọ̀!” ni ẹnì kan ké, wọ́n sì tún rẹ́rìn-ín. Naibuka kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ilé ìdáná, mo sì dojú bolẹ̀ nínú eérú. Nígbà tí mo máa fi gbórí sókè, ó ti lọ.

Ọjọ́ méjì ni kò wá jẹun nílé. Bubu gbé kókò àti ẹja ránṣẹ́ sí i, odindi ló padà. Mo mọ̀ pé mo ti da ilé bàbá mi rú nítorí bébà inú ìgò. Mo di páálí náà pa, mo ti gbé e dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pé kí n rì í mọ́lẹ̀, nígbà tí mo gbọ́ ariwo ẹlẹ́dẹ̀. Gbogbo abúlé jáde. Naibuka ló ń fi okùn fà wọ́n lọ níkọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn lọ sí oko gbágùúdá àtijọ́ lódìkejì òkè, níbi tí omi kankan kò sí. Ó ti gbẹ́ kòtò tí yóò máa da ìgbẹ́ wọn sí, ó ti kó ewé gbígbẹ jọ tí yóò fi máa bò ó. Wọ́n bi í léèrè ìdí. Ó ní àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà fẹ́ràn afẹ́fẹ́.

Mo tún kó ìgò mi jáde. Àwọn tí mo kọ́kọ́ bu dúdú. Òjò wá rọ̀ fún ọjọ́ méjì, odò kún, ó gbá ara rẹ̀ mọ́. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí, ìgò mẹ́ta láti ẹnu odò mọ́ bí omi ojú ọ̀run. N kò gbà á gbọ́. Mo tún bu mẹ́fà. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́. Mo sáré gun òkè lọ pe Ìyáàfin Raijieli. Wọ́n ní kí n ka ibi kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún wọn. Mo kà á. Wọ́n ní, “Ulamila, ṣé ó dá ọ lójú?”

Mo ní, “Ó dá mi lójú, Mà.”

Wọ́n ní ó dá àwọn náà lójú. Wọ́n ní kí a jẹ́ kí àwọn kai fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣan inú ara wọn nínú omi tó mọ́, kí a sì sè wọ́n dénú. Ọ̀sẹ̀ méjì géérégé ló kù kí ọgọ́rùn-ún òru pé! Mo bú sẹ́kún lórí òkè níbẹ̀, àwọn tó ń retí fóònù sì ń kí mi kú ọ̀fọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá Osea fa òpó yẹn tu! Gbogbo obìnrin abúlé wọ omi pẹ̀lú agbọ̀n, omi dé wọn láyà, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wá kai nínú yanrìn, wọ́n ń rì, wọ́n ń yọ. Sala yọ pẹ̀lú ọ̀kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó ní òun ti rí orogún òun. Agbọ̀n mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n kó jáde. Abúlé mẹ́fà jẹ, wọ́n jẹ ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n tún padà sórí kai, wọ́n ń lá àwo. Òní ló pé ọjọ́ kẹta, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó fọwọ́ di ikùn mú. Mo ti rán Sala yí ká láti béèrè.

Lẹ́yìn oúnjẹ, agbẹnusọ olóyè dìde. Ó dárúkọ Naibuka. Ó ní ọkùnrin kan wà tó kó ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ kúrò létí omi kí ẹnikẹ́ni tó rán an, pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Ratu ìbá fi yangàn. Gbogbo abúlé mẹ́fà pàtẹ́wọ́ fún un. Àgbọn há Sala lọ́fun. Naibuka dorí kodò, n kò sì tíì rí i kó tijú tó bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, inú mi dùn débi pé mo sunkún sínú kókò mi.

Ọ̀la ni mo ń padà sí Suva. Ta ni yóò wá máa wo omi? Lánàá, Sala wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó ní ọkọ òun ní kí òun wá kọ́ iṣẹ́ ìgò. Kí n tó béèrè èwo ni ọkọ, Naibuka ti wá jókòó sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó yé mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Sala, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ sókè kí ohùn mi lè dé ìsàlẹ̀. Sala ń yán. Nígbà tí mo ní kí a fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí a tó ṣí ìgò, Naibuka dìde lọ fọ ọwọ́. Nígbà tí mo bi Sala pé ọjọ́ mélòó ni a ó fi dúró, tó sì ní méjì, ikọ́ líle kan hú láti ìsàlẹ̀.

“Ó dáa, mẹ́ta, akọ̀wé!” ni Sala dá a lóhùn. “Ẹ̀yìn rẹ ló ń kàwé tó báyìí?”

Mo fi páálí sí orí àtẹ̀gùn, mo wọlé. Nígbà tí mo yọjú, kò sí níbẹ̀ mọ́. Láàárọ̀ yìí, mo rí i lórí afárá. Ó bu omi, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó wò ó pẹ́, pẹ́, bí ẹni tó ń wo ojú ọmọ tuntun.

Bubu kí yín, Ìyá kí yín, Sala ní kí ẹ wá ọkọ gidi fún òun níbẹ̀. Ẹ bá mi kí Waisea, kí ẹ sì bá mi fi ẹnu ko ọmọ yín lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ yín, bí ẹ bá kà á tán, ẹ ya lẹ́tà yìí. Ẹ má fi han Waisea, nítorí òun àti Naibuka máa ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tí abúlé mẹ́fà pàtẹ́wọ́ fún kò gbọdọ̀ gbọ́ láé pé wọ́n mọ̀ pé àbúrò rẹ̀ obìnrin ló kọ́ ọ níṣẹ́. Bí Bàbá bá sì bi yín lórí fóònù pé ta ló kọ́ Naibuka bí a ṣe ń wo omi, ẹ sọ pé Sala ni, kí ẹ sì má rẹ́rìn-ín.

Àbúrò yín tó ń fi ìbẹ̀rù àti ìfẹ́ kọ èyí,
Ulamila.