Yàrá Tí Màmá Kò Kírun Nínú Rẹ̀

Tirípólì,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, ọdún 2013.

Zuhra, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Málítà níbẹ̀, ìwọ, ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Mo nírètí pé òtútù ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Ara tèmi le. Ọ̀rọ̀ Màmá ni mo fẹ́ bá ọ sọ, torí ó kàn ọ́.

Eékún Màmá ti kọ̀ pátápátá. O rántí pé láti kékeré rẹ ló ti máa ń gbé ẹní sọdá títì lọ kírun nílé Hajja Manubiya, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, bójò ń rọ̀, bóòrùn ń ràn. A máa ń ní ó fẹ́ràn ẹgbẹ́ ni. Lóṣù tó kọjá, nígbà tí ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́, mo ní kó kírun nínú yàrá rẹ̀. Ó bú sẹ́kún. Ó ní láti ọjọ́ tí Olórí orílẹ̀-èdè ti ṣòfin pé ẹni tó ń gbé ilé ló ni ín, tí ilé Hajji Sasi tí Bàbá háyà di tiwa, òun ò kírun níbẹ̀ rí, torí Ọlọ́run kì í gba ìrun nínú ilé tí a fipá gbà lọ́wọ́ onílé. Ọdún márùndínlógójì, Zuhra. Bàbá mọ̀, kò sì sọ fún wa títí ó fi kú.

O mọ ohun tí Olórí jẹ́ sí mi. Nígbà ayé ọba, abẹ́ páànù, nínú àtíbàbà àwọn tálákà, la bí mi sí. Ọkùnrin tó lé ọba yẹn ló sọ ìwọ di dókítà láìgba dínárì kan lọ́wọ́ Bàbá. Òun náà ló ní kí wọ́n wá mú Ramadan, àbúrò Bàbá, nílé tíì, nítorí àwàdà lásán, a ò sì rí òkú rẹ̀ dòní. Ọdún kan náà ni. Bàbá mú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà ọ́ sí yunifásítì dání, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ ti èwo.

Láti ìgbà tí wọ́n ti pa Olórí, àwọn onílé àtijọ́ ń padà bọ̀. Ní Jímọ̀ tó lọ, Fawziya ọmọ Hajji Sasi kan ilẹ̀kùn wa, ó ti Túnísì dé. Ilé yìí ló gbé ní kékeré kí bàbá rẹ̀ tó kó wọn lọ sí ilé ńlá. Ó ní òun wá gba ilé. Inú bí mi. Mo ní, "Ilé mẹ́rin ni bàbá yín ní nígbà tí àwa mẹ́jọ ń sùn lábẹ́ páànù. Olórí ló fún wa."

Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan tí kì í ṣe tiẹ̀ ló fún yín. Ta ni ò lè lawọ́ bẹ́ẹ̀?"

Màmá ti gbọ́. Ó ké láti inú yàrá pé, "Nuri, jẹ́ kí ọmọ onílé wọlé." Kò tíì kí i tán tó fi bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé wàá yọ̀ǹda kí n kírun níbí? Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi sọdá mọ́."

Fawziya jókòó tì í. Ó ní, "Ẹ kírun, Màmá. Ìrun nìkan ni mo yọ̀ǹda o. Ọ̀rọ̀ ilé ṣì wà nílẹ̀."

Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní, "O jọ bàbá ẹ."

Mo tẹ́ ẹní, torí ìjókòó ló máa fi kírun. Màmá wò yíká, ó bèèrè apá ibi tí Mẹ́kà wà. Èmi tí mo ti ń jẹun nínú yàrá yẹn fún ogójì ọdún, àmọ́ tó jẹ́ mọ́ṣáláṣí ni mo ti ń kírun, mo nàka sí fèrèsé. Fawziya mi orí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yí ẹní náà kọjú sí igun tí àpótí aṣọ wà, ó ní, "Ibí ni. Ibí ni bàbá mi ti kọ́ mi." Ojú tì mí.

Orúkọ èmi àti ìwọ ló wà nínú ìwé ilé. Mo fẹ́ ká dá a padà. Fawziya ti gbà pé kí Màmá máa gbé ibẹ̀ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò tíì mọ ibi tí n ó forí lé, èmi ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Mi ò ní sọ láé pé Olórí ṣe burúkú nígbà tó fà wá yọ lábẹ́ páànù. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa pe ilé tí àlejò ti ní láti fi Mẹ́kà hàn mí ní tèmi. Bí o bá fara mọ́ ọn, fọwọ́ sí ìwé tó wà nínú àpòòwé yìí. Bí o kò bá fara mọ́ ọn, ìwọ ni kó o kọ̀wé sí Màmá. Èmi ò ní lè sọ fún un.

Ọlọ́run á wo àwọn ọmọ rẹ dàgbà, kò sì ní fi ohun tí ẹlòmíràn ń sunkún lé lórí bọ́ wọn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Nuri.

Àfikún: Màmá ń ṣe àdúà fún Olórí báyìí nínú igun yẹn. Mo bi í pé ṣé torí ilé ni, àbí torí Ramadan. Ó ní Ọlọ́run tó ń gbọ́ ọ mọ èwo ni.