Ohùn Tí Wọ́n Ní Ó Lọ Sílẹ̀ Jù

Ọjọ́bọ̀, Castle Hill

Inú mi ò tíì rọ̀ sí olùkọ́ orin Tọ́kì yẹn.

Baba Kemal, àgbà ará Tọ́kì tí mò ń tọ́jú, ló kọ́kọ́ fi úùdù lé mi lọ́wọ́, gìtá wọn tó níkùn bí igbá. Lónìí mo mú Baba lọ sí kíláàsì tí a ti ń kọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe ta á, olùkọ́ na fóònù tó fi ń wọn ohùn sí wọn.

"Ohùn kejì yẹn lọ sílẹ̀ jù. Kò bá ìwé mu."

"Bí bàbá mi ṣe ń ta á nìyẹn," Baba dá a lóhùn.

"Bàbá yín náà ṣì í nìyẹn." Ó tún rẹ́rìn-ín.

Mo ní kó lu àwo orin àgbà olórin tó máa ń yìn fún wa, kó sì gbé fóònù náà sí i. Ohùn kejì tiyẹn náà lọ sílẹ̀ bákan náà. Ó ní àwo ti gbó. Kò tọrọ àforíjì. Èwo ló ṣáájú, orin àbí ìwé?

Nínú ọkọ̀ ojú irin, Baba bi mí bóyá lóòótọ́ ni bàbá àwọn ṣì í. Mo ní rárá. Wọn ò fọwọ́ kan úùdù títí mo fi kúrò nílé wọn.

Mi ò ní forí ji ọkùnrin yẹn.