Bátìrì Tó Yó Títí Tó Fi Wú

Àbúrò,

Láti àárọ̀ ni mo ti ń rọra yọ bátìrì fóònù Màmá. Ó ti wú bí ikùn alájẹkì. Abẹ́ ìrọ̀rí rẹ ni mo ti bá fóònù náà, tó ṣì ń gba iná. Mo ní kí o máa yọ ọ́ nínú iná tó bá ti dé ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó yó." Ó ti yó o!

Òní ni nọ́ọ̀sì máa pè pé ká wá mú Màmá nílé ìwòsàn, nọ́ńbà Màmá nìkan ló sì ní. Mo ti ki síìmù Màmá bọ inú fóònù tèmi. Òun ló wà lórí tábìlì yìí. Tó bá dún, gbé e, kí o sáré wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Bátìrì tó wú wà nínú yanrìn níta. Má fọwọ́ kàn án.

Ọgọ́rin ni fóònù mi wà. Má fi síná. Mo ti lọ.