Ìdákẹ́ Màmá Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ara wa le díẹ̀, àfi ẹsẹ̀ Bàbá tó tún wú.

Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì tí olóògbé Màmá fi sọ̀rọ̀ lọ fún ẹni tó ń gbé ohùn sórí fóònù. Iye ìṣẹ́jú ló fi ń ṣírò owó rẹ̀, ni mo bá ní kó yọ gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ ò sí. Ẹ sì mọ Màmá, wọn a dákẹ́ títí kí wọ́n tó fèsì. Bàbá gbọ́ ọ, wọ́n ní, "Èyí kọ́ nìyàwó mi. Ta ló ń lé e?" Wọn ò gbọ́ ọ mọ́ látìgbà náà. Téèpù gan-an ti já sínú ẹ̀rọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá èyí tí Màmá fi ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́sí. Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa. Iye yòówù kí ìdákẹ́ inú rẹ̀ jẹ́, màá san án.

Àbúrò yín