Ohùn Bàbá Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Mi

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà wa. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí ní Barking, nílùú òyìnbó níbí. Tèmi ọmọ mi náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí n sọ fún Màmá Àgbà pé eyín òun méjì ti ká. Kúnlé, àbúrò mi tó ń kà á fún yín, mo kí i. Ara wa le. Òjò ibí ni ò mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Wẹliwẹli ló ń ṣe láti àárọ̀.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Rippleside ni mo ṣì ti ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ti ń wẹ̀ fún àwọn bàbá ibẹ̀, Bàbá wa ló ń wá sí mi lọ́kàn. Ó ń dùn mí pé mò ń tọ́jú bàbá oníbàbá, tí mi ò sì sí nílé lọ́jọ́ tí ẹ sin bàbá tèmi.

Màámi, ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni mo ń pa fún yín. Gbogbo ìgbà tí ẹ ní kí n fi àdúrà tí Bàbá gbà fún Tèmi ránṣẹ́, tí mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, nẹ́tíwọ̀kì dáa. Ẹ rántí pé inú kọ̀ǹpútà mi ni wọ́n gbà á sí ní pálọ̀ yín l'Abẹ́òkúta, lọ́sẹ̀ tí à ń di ẹrù láti wá síbí. Kò sí níbòmíràn. Látìgbà tí Bàbá ti lọ, tí mo bá ti gbọ́ bí wọ́n ṣe wúkọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mo ti pa á nìyẹn. Mi ò gbọ́ ọ dópin rí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo kọ ọ́ síta fún gbogbo èèyàn báyìí nítorí ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn náà ń pa irú irọ́ yìí fún ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé Tèmi ló tú u jáde. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó máa fi kọ̀ǹpútà kọ́ ìṣirò àti ìwé kíkà nílé, pé ó ń rẹ̀yìn díẹ̀. Linux ló wà nínú kọ̀ǹpútà wa, ètò ọ̀fẹ́ tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, tí ọ̀rẹ́ mi kan bá mi fi sí i nílé nígbà tó ń lọ́ra jù. Mo wá gbọ́ pé Linux kan wà tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, tí eré ìṣirò àti ẹ̀kọ́ ìwé kíkà kún inú rẹ̀. Àfi bí bùrọ́dà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣe sọ fún mi pé a máa kọ́kọ́ nu gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà nù. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wá àwáwí fún ọmọ mi.

Àǹtí Bísí ló gbà mí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, ìjọ kan náà la jọ ń lọ, àwọn ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé-ìwé kan lápá Dagenham East. A ń wá bàtà wa lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn ni mo bi wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ló ní ká nu nǹkan kan. Wọ́n ní ẹni tó bá ti ní irú Linux tèmi kàn máa gbé ti ọmọ ilé-ìwé kún un ni, bí ìgbà tí èèyàn kọ́ yàrá kan mọ́ ilé tó ń gbé.

Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n wá. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni bóyá nǹkan pàtàkì wà níbẹ̀, ká ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ mọ bí ẹ ṣe tọ́ wa, Màámi: ohun tó bá ń dùn wá, a kì í kó o síwájú àlejò. Mo ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo lọ ń dín dòdò.

Nígbà tí wọ́n pè mí, ojú kọ̀ǹpútà ti yí padà, ó rí aláràbarà, Tèmi ń pàtẹ́wọ́. Mo wá ohùn Bàbá títí, mi ò rí i. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún níwájú ọmọ, ìgbà yẹn ni mo tó jẹ́wọ́.

Àǹtí Bísí bá mi wí gan-an. Wọ́n wá ṣàlàyé pé àwọn ti ṣí àyè ọ̀tọ̀ fún Tèmi lórúkọ rẹ̀, ibẹ̀ la wà, nǹkan tèmi ò lè hàn níbẹ̀. Wọ́n jáde kúrò ní àyè Tèmi nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n wọ àyè tó wà lórúkọ mi. Ohùn Bàbá wà níbi tí mo fi í sí. Ara tù mí, Màámi, ó dà bíi pé wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí mi. A ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fóònù àti sínú fláàṣì. Tèmi ti ń dá ìṣirò ṣe báyìí, kì í fẹ́ kúrò nídìí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Àǹtí Bísí ò lọ. Wọ́n ní kí n gbọ́ ọ dópin, ká lè mọ̀ pé ó pé. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, mo gbọ́ ọ. Àdúrà náà pé. Lẹ́yìn àmín, Bàbá rò pé mo ti pa á. Wọ́n pè yín. Wọ́n ní Ìyá Ṣadé, ṣé o ti jẹun. Ẹ ò dáhùn, ó jọ pé ẹ wà lẹ́yìnkùlé. Wọ́n tún bi yín lẹ́ẹ̀kejì, ohùn náà sì tán.

Kúnlé ní ẹ kì í jẹ oúnjẹ alẹ́ mọ́ látìgbà tí wọ́n ti lọ. Mo ti fi ohùn náà ránṣẹ́ sí i. Mo ní kó gbé oúnjẹ síwájú yín kó tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ lè rí nǹkan fi dá Bàbá lóhùn.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti ará ìjọ. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ojú wa á sì rí ara wọn láyọ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Ṣadé