Ohun tí Ọmọ Yín Lọ Wò ní Jámánì

Màmá wa,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àdúrà lórí gbogbo wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Dagenham, ní Íńgílàǹdì níbí. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti ń tẹ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, inú mi sì dùn. Mo kí Bọ̀dá Fẹ́mi àti ìyàwó wọn, mo kí Àǹtí Rónkẹ́, mo kí gbogbo ọmọ ilé ní Ìkọ̀lé. Ire, ọmọ-ọmọ yín, wà ní yunifásítì rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, ara rẹ̀ le. Èmi náà wà. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ire, ọmọ yín, ni mo jókòó láti kọ sí yín.

Àwòrán kan ló fà á. Gbogbo yín lẹ ti rí i. Èmi ni mo fi ránṣẹ́ sí Ire, òun ló gbé e sórí Wọ́tsáàpù rẹ̀, nítorí ó pẹ́ tó ti rí èmi àti bàbá rẹ̀ pọ̀ nínú àwòrán. A wà nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, omi ti rin wá gbindin, ọmọ yín la ẹnu sílẹ̀ gbayawu, èmi rọ̀ mọ́ apá rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwòrán ti dé Ìkọ̀lé. Àǹtí Rónkẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ sójú gbogbo ẹbí pé àwọn kan ń jayé nínú ọgbà ìṣeré Òyìnbó nígbà tí Màmá ń fi ọ̀pá rìn, pé ìyàwó ló ń darí ọkọ síbi tó bá wù ú. Mi ò fèsì. Àǹtí mi, mi ò bínú sí yín. Ohun tí ẹ rí lẹ sọ. Bàbá Ire ló ní n má sọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí ló tó gbà pé kí n sọ ọ́, ó sì ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ojú gbogbo èèyàn ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ sí mi, kí n dáhùn lójú gbogbo èèyàn. Mo ti fún àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn ìjọ wa níbí ní lẹ́tà yìí pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí Bọ̀dá Fẹ́mi kà á sókè fún yín.

Màmá, ẹ kọ́kọ́ jókòó. Ojú ọmọ yín ń lọ. Irú èyí tó mú ojú Bàbá wa lọ náà ni.

Ẹ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Láti ìgbà tí a ti kó wá sí Becontree níbí ló ti ń wa tírélà ní Dagenham Dock, létí odò. Ìdájí ló ń jáde. Tòmátì láti Sípéènì, táìlì láti Ítálì, òdòdó láti Họ́láǹdì, òun ló ń gbà á lọ́wọ́ àwọn tó kó o sọdá òkun, táá sì pín in káàkiri àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò rìn kọjá etíkun Dover wọ Yúróòpù rí. Lára páálí ló ti ń ka orúkọ àwọn ìlú. Á wọlé, á bọ́ bàtà, á ní, “Ìyá Ire, Pọ́túgà ni mo gbé lónìí.” Ó máa ń sọ pé tí òun bá fẹ̀yìn tì, a máa lọ wo gbogbo ibi tí ẹrù wọ̀nyẹn ti ń wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé ó ń da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀bù. Mo rò pé oorun ni. Lẹ́yìn náà, ó ha ọkọ̀ wa mọ́ ọkọ̀ aládùúgbò. Lọ́jọ́ kan ní ọjà Romford, mo dúró ní apá òsì rẹ̀, mo ń juwọ́ sí i, mo ń rẹ́rìn-ín. Ó súnmọ́ mi débi tí mo lè fọwọ́ kàn án, ó sì ń wò yíká pé ibo ni mo wọlẹ̀ sí. Ẹ̀rín kúrò lójú mi.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ó fi sùúrù ṣàlàyé fún wa. Gulokóómà ló pè é. Ó ní omi inú ojú ló ń tẹ iṣan tí a fi ń ríran títí tó fi ń kú, pé láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í dunni, ìdí nìyẹn tí èèyàn kì í fi í tètè mọ̀. Èyí tó ti lọ ti lọ nìyẹn. Ojú òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọ̀tún ló kù, bí ẹni tó ń yọjú nínú páìpù. Ó ní oògùn tí a óò máa kán sí i lè dá èyí tó kù dúró, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí. Lẹ́yìn náà ló béèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tó gbọ́ pé awakọ̀ ni, ó gbé gègé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́ rárá, kódà kò gbọdọ̀ wa èyí tó gbé wa wá padà sílé.

Ọmọ yín kò sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ó ní, “Bó ṣe ṣe Bàbá mi nìyẹn.” Nígbà tí a dé ìdí ọkọ̀, ó wọlé, ó jókòó síbi awakọ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárìn. Mo dúró síta nínú òjò. Nígbà tó yá, ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Ẹ sì mọ̀ pé mi ò mọ ọkọ̀ wà. Bọ́ọ̀sì ló gbé wa délé.

Ọjọ́ yẹn ló bẹ̀ mí pé n má jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì lẹ ti ń di orí ọ̀pá Bàbá mú, tí ẹ ń ṣáájú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, lọ sí oko, títí wọ́n fi sùn. Ó ní ẹ ti sinmi. Ó ní òun ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ lórí fóònù pé ó tún ti dé sílé yín.

Lẹ́yìn tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, awakọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Pólàǹdì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, wá kí i. Òun ló sọ fún un nípa ọgbà ìṣeré kan ní Jámánì, tí wọ́n ti kọ́ abúlé kọ̀ọ̀kan bíi ìlú Yúróòpù kọ̀ọ̀kan. Èèyàn á jáde ní Gíríìsì, á wọ Ítálì, ẹnikẹ́ni ò ní béèrè páásìpọ́ọ̀tù. Lọ́jọ́ kejì ló sọ fún mi pé òun fẹ́ lọ. Mo ní, ṣebí ayédèrú ni. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ìlú gidi pọ̀, wọ́n sì jìnnà síra, ojú òun ò ní dúró de gbogbo wọn. Mo gba ìsinmi níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, a sì wọ ọkọ̀ ojú irin.

Màmá, ọjọ́ mẹ́ta la lò. Apá òsì rẹ̀ ni mo ń gbà rìn, nítorí kò rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ní Gíríìsì, ilé funfun ni wọ́n kọ́, òrùlé rẹ̀ bíi aró. Ọmọ yín á dúró, á yí gbogbo orí rẹ̀ lọ, á yí i bọ̀, kí ihò kékeré tó kù fún un lè ká ilé náà tán. Àwọn èèyàn ń gbá wa kọjá, a dúró síbẹ̀. Ní Ítálì, wọ́n sá aṣọ sórí okùn láàárín ilé méjì, aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ rí. Ó wò ó títí, ó ní, “Òjò á pa aṣọ yìí títí ayé, kò sẹ́ni tó máa ká a.” A rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kìíní yẹn dùn, mi ò ní purọ́.

Ọjọ́ kejì ni nǹkan dà rú. Mo ní kó dúró ti àga kan kí n ra tíì. Nígbà tí mo padà dé, kò sí níbẹ̀. Ó gbọ́ orin lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní òun á tẹ̀ lé e díẹ̀, kò sì rí ṣéènì tí wọ́n ta sísàlẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ́ bíi Íńgílàǹdì ni mo ti bá a, tòun ti bọ́ọ̀sì alájà méjì àti àpótí tẹlifóònù pupa. Ọmọ yín wà nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ bó. Ó ti ṣubú lu kẹ̀kẹ́ tí obìnrin kan fi ń ti ọmọ rẹ̀, obìnrin náà ń pariwo lédè wọn, ọmọ ń ké. Ẹ̀ṣọ́ kan dúró lé e lórí, ó ń bi í bóyá ó ti mutí. Ọmọ yín tí ọtí ò kan ẹnu rẹ̀ láti ìgbà tó ti wọ sùtánà! Mo pariwo, “Kò ríran!” Màmá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi. Obìnrin yẹn fa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀ṣọ́ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e dìde, ó ń tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ yín ni mo ń wò, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn dùn ún ju ìṣubú lọ.

A jókòó sídìí àpótí tẹlifóònù yẹn, ó sunkún. Ó béèrè pé tí òun bá ṣubú báyìí ní Dagenham, ta ni yóò gbé òun? Mo ní èmi ni. Ó ní, “Rárá, ibi iṣẹ́ ni wàá wà.” Òótọ́ ló sọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn òṣèré ń tò kọjá pẹ̀lú ìlù àti fèrè. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀, kì í rí nǹkan kan mọ́. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní kí n máa sọ fún òun. Mo ní obìnrin kan ń bọ̀, aṣọ funfun ló wọ̀. Ó ní funfun bíi kí ni? Mo ní bíi sùtánà ọjọ́ Àjíǹde, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ó ní ó dáa, òun ti rí i. Mo ní ọkùnrin kan ń rìn lórí igi gíga méjì tó so mọ́ ẹsẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ó ní irú ewé wo? Mo ní ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé Màmá. Ó mí kanlẹ̀. Títí wọ́n fi kọjá tán ni mo ń sọ, ohùn mi há, mi ò dákẹ́.

Ọjọ́ kẹta la wọ ọkọ̀ ojú omi tí ẹ rí yẹn. Ó máa ń gun òkè, á wá já wálẹ̀ lójijì. Ọmọ yín ò rí ibi tó ti fẹ́ já. Kámẹ́rà kan wà níbẹ̀ tó ń ya gbogbo èèyàn. Màmá, ẹ tún àwòrán náà wò. Ẹ̀rín kọ́ ló ń rín. “Yéè, ìyá mi o!” ló ń ké. Gbogbo àwọn Òyìnbó inú ọkọ̀ yẹn ń wò wá. Orúkọ yín ni ẹ rí ní ẹnu rẹ̀ yẹn.

A ti padà dé. Òtútù ti wọlé, ilẹ̀ ń tètè ṣú, èyí sì mú kí ilé sú u. Obìnrin kan ń wá láti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá funfun rìn. Ó ti lè dá rìn dé ìdíkọ̀ bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò fẹ́ kí ará ìjọ rí ọ̀pá náà, ńṣe ló máa ń ká a sápò tó bá ti kù díẹ̀ ká dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọ̀rẹ́ tó ń pè é tẹ́lẹ̀ ti dín kù. Iṣẹ́ méjì ni mò ń ṣe báyìí, tí mo bá wọlé, orí àga náà ni mo ń bá a, rédíò ń sọ̀rọ̀. A ń kán oògùn, a ò ṣì í kán, síbẹ̀ ojú ọ̀tún tún ti rẹlẹ̀ sí i. Lóṣù tó kọjá, a ń jẹun, ó gbé orí sókè, ó ní, “Ìyá Ire, sún síwájú díẹ̀, ojú rẹ ti ń ṣú.” Mo sún síwájú. Ó tún ní kí n sún.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí ni pé dókítà ní inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Kì í ṣe ayé, kò sẹ́ni tó fi ṣe Bàbá, kò sẹ́ni tó fi ṣe ọmọ yín. Bọ̀dá Fẹ́mi, Àǹtí Rónkẹ́, ọmọ Bàbá ni ẹ̀yin náà, ẹ dákun, ẹ lọ yẹ ojú yín wò ní Adó tàbí Ìbàdàn, bí kò tiẹ̀ dùn yín. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ. Ire ti lọ, wọ́n ní tirẹ̀ ṣì dáa, ọdọọdún ni yóò máa padà lọ.

À ń bọ̀ nílé, Màmá. Bàbá Ire ló sọ ọ́. Ó ní òun ti rí Gíríìsì, òun ti rí Ítálì, ojú ìyá òun ló kù. Tí a bá wọlé, ẹ má jẹ́ kí èrò bò ó. Ẹ má gba ẹ̀gbẹ́ wá dì mọ́ ọn. Ẹ dúró síwájú rẹ̀ gan-an, nínú ìmọ́lẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó wò yín títí yóò fi tó o.

Olúwa á dá yín sí dè wá. Kò ní jẹ́ kí ojú tó kù nínú ẹbí wa ṣókùnkùn. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, lọ́mọdé lágbà, ẹ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n rántí wa nínú àdúrà.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́, Ìyá Ire.