Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Nínú Yàrá Rẹ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnáwó ìlú ńlá, mo sì kí ọ kú àìsùn tó bá jẹ́ pé ẹ kì í sùn níbẹ̀. Ṣé ikọ́ tó máa ń mú ọ nígbà òtútù ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Àwa níhìn-ín wà láàyè, a dúpẹ́. Orúnkún mi nìkan ni kò gbọ́ràn mọ́, ó ní òun ti bá bíríkìlà gun àkàbà tó, kí n wá orúnkún mìíràn. Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun kò bínú rárá pé ó di ọdún mẹ́rin tí o ti wálé gbẹ̀yìn, nítorí náà mo mọ̀ pé ó ń bínú.

Ìwé iṣẹ́ rẹ tí o tú sí èdè wa, tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ti dé. O ṣeun tí o dá mi lóhùn nígbà tí mo bèèrè ohun tí iṣẹ́ rẹ jẹ́, torí bí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá bi mí níṣẹ́ tí ò ń ṣe, pé ò ń kọ̀wé ni mo máa ń sọ, wọ́n á sì ní ta ni ò ń kọ ọ́ sí. Kí ìwé náà tó ṣí, fóònù bi mí bóyá mo gba gbogbo rẹ̀. Mo ní èmi kì í gba ohun tí n kò tíì rí, ìyá rẹ ní kí n gba ìdajì ná, fóònù kò gbà fún wa, àfìgbà tí a pe ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní òpópónà kó wá bá wa tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó yé mi nìyí, kí o bá mi tún un ṣe níbi tó bá ti wọ́. Ilẹ̀ kan wà lójú àwọsánmà. Ẹ ń gé e sí àyè kéékèèké kí àwọn kọ̀ǹpútà lè ní ojúlé tiwọn. Àwọn ọmọọ̀ṣẹ́ tó ń gé e kì í ṣe ènìyàn, ẹ̀rọ ni wọ́n, wọn ò lára, wọn ò lójú, ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́, ìwọ lo sì ń kọ bí wọn ó ṣe lo irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gé e fún wọn. Ọmọ mi, o kú ìfaradà. Èmi tí mo kọ́ ọmọọ̀ṣẹ́ olójú méjì, wọ́n ṣì mọ ògiri wíwọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n mi ò mọ bí ẹ ṣe ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ níbẹ̀, tí òjò bá ti ṣú kí ẹ tètè máa kó ẹrù yín. Kí o sì máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá àwọn ọmọọ̀ṣẹ́ yẹn sọ̀rọ̀, torí mi ò rí i kà níbì kankan pé wọ́n ní ìyá.

Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà rèé. Àwọn ìbejì tí àbúrò rẹ tó ń ránṣọ bí ti ń rá. Inú yàrá kan náà ni òun, ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ àti máṣíìnì ìránṣọ wà, abẹ́rẹ́ sì ń já bọ́ síbi tí ọmọ ń rá gbà. Ó wá bá mi, ó ní kí n fi ògiri dá yàrá rẹ sí méjì, kí máṣíìnì wà lápá kan, kí àwọn ọmọ sùn sí apá kejì, pé ìwọ ò kúkú wálé mọ́. Kò fi ìkà sọ ọ́ o. Mo ní ó dáa, mo sì ra búlọ́ọ̀kù.

Kí n tó po sìmẹ́ńtì ni mo ní kí n tẹ̀lé ìwé rẹ, ṣebí ọmọ mi ló kọ ọ́. O ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò láìtíì ṣe é, kí wọ́n rí bí yóò ṣe rí. Mo bá fi okùn wọn ilẹ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ fèrèsé, ìlà náà sì gba abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ kọjá. Mo lọ mu omi, kí n tó dé ìyá rẹ ti fi àkísà tútù nù ún kúrò. Ó ní ilẹ̀ ló dọ̀tí. Mo tún un fà lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ tún dọ̀tí.

O tún kọ ọ́ pé kí wọ́n yẹ ibẹ̀ wò bóyá ẹnì kan ti ń lò ó, torí tí wọ́n bá gé e tán kò ṣeé fà padà bọ̀rọ̀. Mo wá yẹ yàrá wò. Mo rí bàtà ilé-ìwé rẹ kan, ẹsẹ̀ òsì. Mo rí ara ògiri tí mo ti máa ń fi ìṣó sàmì bí o ṣe ń ga sí i. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò mọ èyí tí n ó sọ, bóyá ẹnì kan ń lò ó ni tàbí kò sẹ́ni tó ń lò ó. Mo sunkún díẹ̀, má sọ fún ìyá rẹ.

Nísàlẹ̀ ìwé náà o ní bí ọ̀rọ̀ ò bá dá ọmọọ̀ṣẹ́ lójú, kó má méfò, kó dúró, kó bi ẹni tó ni nǹkan. Mo ti dúró. Mo ń bi ọ́. Ṣé o ṣì ń lo yàrá rẹ? Tí o bá ní kí n gé e, n ó gé e, àwọn ọmọ nílò àyè lóòótọ́, inú ò sì ní bí mi sí ọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Owó sìmẹ́ńtì ò tíì pé, ìyá rẹ sì nílò awò ojú, kó lè máa rí ilẹ̀ tó dọ̀tí àti èyí tí kò dọ̀tí. Má fi fóònù fi owó náà ránṣẹ́ o, mi ò fọkàn tán ọ̀nà tí owó ń gbà tí ojú kì í rí i. Fọwọ́ ara rẹ gbé e wá.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lọ́nà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní wọ́, ibi tí o bá dé, wọ́n á sún fún ọ kí o lè jókòó.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. O kọ ọ́ pé nínú àyè yòówù tí wọ́n bá gé, bó ti wù kó kéré tó, onílẹ̀ máa ń yọ ojúlé mẹ́rin sọ́tọ̀ tí a kì í fún ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù nínú ìwé náà. Ohunkóhun tí o bá fèsì, mo ti wọn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sọ́tọ̀ lábẹ́ fèrèsé, níbi tí o máa ń gbé orí sí. Ìyá rẹ fúnra rẹ̀ ló gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi tó fa ìlà yí i ká, láti ọjọ́ náà, ilẹ̀ ò dọ̀tí mọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.